Inú Títà Ni Owó Ajẹ́ǹtì Wà

Ẹni tó bá ń rìn káàkiri ìlú Ìbàdàn ti rí i lára ògiri rí: "Ilé yìí kì í ṣe títà." Ọ̀dà pupa ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́, gàdàgbà, nígbà mìíràn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á tún fi "ẹ ṣọ́ra fún 419" tì í nídìí. Àlejò lè rò pé onílé kàn ń pariwo ni. Ẹni tó kọ ọ́ ló mọ ohun tó rí. Bóyá Èkó ló ń gbé, tí ayálégbé rẹ̀ wá pè é pé àwọn kan tí òun kò mọ̀ rí ti wọlé, wọ́n ń ka yàrá, wọ́n ń ya fọ́tò kíṣìnì, ajẹ́ǹtì kan ló kó wọn wá. Bóyá ọmọ ìyá rẹ̀ ló mú ilé náà lọ fún ajẹ́ǹtì lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ó wù ó jẹ́, ẹnì kan wà láàárín tó ti sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé òun mọ onílé, òun ti rí ìwé, kò sí wàhálà.

N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ajẹ́ǹtì bí ẹni tó kàn ń bú èèyàn. Iṣẹ́ gidi ni. Ẹni tó ń gbé ní Àbújá kò lè mọ̀ pé ilé kan wà ní Orógùn tí olówó rẹ̀ ti dàgbà tó sì fẹ́ tà á, àfi kí ẹnì kan bá a rìn, kí ó bá a bi. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni ọ̀nà tí owó rẹ̀ ń gbà wọlé. Ajẹ́ǹtì kì í gba owó oṣù. Kò sẹ́ni tó máa fún un ní kọ́bọ̀ torí pé ó sọ fún oníbàárà pé ilẹ̀ yìí wà ní kóòtù, tàbí pé omi máa ń wọ pálọ̀ yẹn lóṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ tí oníbàárà bá sanwó ni òun náà ń jẹun. Nítorí náà, gbogbo ohun tó bá lè dá sísan owó dúró, ìdíwọ́ ni lójú rẹ̀, ì báà jẹ́ òtítọ́. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní máa bínú sí ajẹ́ǹtì lásán. Yóò kàn mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi í, àti èyí tó yẹ kó gbé lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iye owó, nítorí ibẹ̀ ni inú ti ń bí àwọn èèyàn jù. Ká ní onílé kan ní Akóbọ sọ pé mílíọ̀nù 45 náírà ni òun fẹ́ gbà. Ajẹ́ǹtì tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ fi mílíọ̀nù 2 lé e, ó di 47. Ó gbé e sórí WhatsApp. Ajẹ́ǹtì kejì, tí kò fojú kan onílé rí, fi mílíọ̀nù 2 àti ààbọ̀ lé e, ó di 49.5. Ẹ̀kẹta sọ ọ́ di 52, òun ló sì wá bá ẹni tó fẹ́ ra ilé pàdé. Lórí 52 yìí ni wọn yóò tún ti sọ pé owó ajẹ́ǹtì jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, owó àgírímẹ́ǹtì jẹ́ ìdá 5 mìíràn. Mílíọ̀nù 5.2 nìyẹn. Mílíọ̀nù 57.2 ló máa kúrò lápò ẹni tó ń rà, mílíọ̀nù 45 ló máa dé ọwọ́ ẹni tó ń tà. Mílíọ̀nù 12.2 ti há sójú ọ̀nà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò jọra fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ibì kan náà ló ti ń wá. Ẹni tó fẹ́ rà rí ilé kan náà, géètì kan náà, táńkì kan náà, ní iye owó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, ó sì rò pé èrú wà nínú rẹ̀. Onílé jókòó sílé, ó ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò mú owó wá, nígbà tí 45 tí òun béèrè kò pọ̀ jù. Kò mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọ́ 45 rí. Ìdí tí ajẹ́ǹtì kì í fi í fẹ́ kí àwọn méjèèjì fojú kan ara wọn náà nìyẹn: bí wọ́n bá pàdé, iye tí wọ́n lé lórí yóò tú. Tó bá wá di ọjọ́ ìsanwó, gbogbo wọn ni yóò pé síbẹ̀. Ẹni tó mú oníbàárà wá, ẹni tó mú ẹni tó mú un wá, àti ẹni tó ní òun ló fi nọ́ńbà fóònù ránṣẹ́.

Kí ẹ tó wọ mọ́tò lọ wo ilé kankan, ẹ bi ajẹ́ǹtì tààrà: "Ta ló fún yín ní ilé yìí tà?" Bó bá jẹ́ pé onílé ló fún un, kí ó ní lẹ́tà lọ́wọ́, tàbí kí ó lè pe onílé lójú yín. Bó bá ní ẹnì kan ló ní kí òun bá a tà á, ẹ ní kí onítọ̀hún wá sí orí fóònù náà. Kò sí ìwọ̀sí nínú èyí, ẹ kò sì gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ náà pé owó ajẹ́ǹtì kan ṣoṣo ni ẹ máa san, kí wọ́n pín in láàárín ara wọn. Ní ti owó ìwòlé tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó múni lọ, ẹ gbà pé owó mọ́tò ni, ẹ san án lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ilé tí ẹ máa wò lọ́jọ́ kan. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi fọ́tò àti ibi tó wà lórí Google Maps ránṣẹ́. Lẹ́nu ajẹ́ǹtì, àdúgbò a máa rìn: Akóbọ lè rìn títí yóò fi wọ inú Lágelú, Ológunerú á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Erúwà, láti ìgbà tí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2021, ilẹ̀ tó wà nínú igbó ni wọ́n ń pè ní "ẹ̀gbẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin Mọ́níyà". Ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n bá sọ, ẹ fi ẹsẹ̀ yín wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn iye owó, ọ̀rọ̀ tó ń kó báni jù ni "ìwé pé". Ìwé wo ló pé? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo oríṣiríṣi ìwé mọ́lẹ̀. Rìsíìtì ẹbí jẹ́rìí pé ẹnì kan sanwó fún ẹbí kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí ẹni náà bá ti wọ orí ilẹ̀ tó sì ń lò ó, kóòtù lè rí ẹ̀tọ́ díẹ̀ fún un. Ìwé survey ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà, kò sọ ẹni tó ni ín. Power of attorney ń fún èèyàn lágbára láti ṣe nǹkan lórúkọ ẹlòmíràn, kò sọ ilẹ̀ di tirẹ̀. Deed of assignment ni ìwé tí ẹni tó ń tà fi ń gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé ẹni tó ń rà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 tí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilẹ̀ tó bá ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí gómìnà fi ń fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti lo ilẹ̀, kò ṣeé gbé fún ẹlòmíràn tán pátápátá láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. C of O fúnra rẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ti ọdún 99, kì í ṣe ògiri tí kò ṣeé wó. Bó bá jẹ́ pé ẹni tí kò ni ilẹ̀ ló gba C of O lé e lórí, kóòtù lè fagi lé e.

Nítorí náà, kì í ṣe ìwé tí wọ́n fi han yín ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, Àgódi, ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ìwé tó bá ti wọ ibẹ̀ ní nọ́ńbà mẹ́ta: nọ́ńbà ìwé, ojú ewé, àti ìdìpọ̀ tó wà. Lọ́yà yín, èyí tí ẹ fowó ara yín gbà, kì í ṣe ti ajẹ́ǹtì, ni yóò mú nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síbẹ̀ láti ṣe ìwádìí. (Ìwé àtijọ́ tí wọ́n kọ ní ayé Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ló wà níbẹ̀, tó fi kan ti àwọn ilẹ̀ ní Ìkẹjà, nítorí Ìbàdàn ni olú-ìlú nígbà náà.) Ohun mẹ́rin ni kí ó bá yín wò: orúkọ ta ló wà níbẹ̀ lónìí, ṣé wọ́n ti fi ilé náà ṣe ìdúró gba owó ní bánkì, ṣé ẹnì kan ti fi ìkìlọ̀ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀, ṣé ìjọba ti gba ilẹ̀ náà padà. Kí ó gbà á ní kíkọ. "Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó mọ́" kì í ṣe èsì ìwádìí. Kí ó tún ya kóòtù gíga ní Ring Road, kí ó wádìí bóyá ẹjọ́ kan wà lórí ilẹ̀ náà.

Ilẹ̀ ẹbí ló le jù, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Ìbàdàn kò rí bí ìlú mìíràn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun tẹ̀ ẹ́ dó bí àgọ́ ogun. Jagunjagun kọ̀ọ̀kan ní agbo ilé láàárín ìlú, ó sì ní oko lẹ́yìn odi. Ní oko yẹn, ó fi àwọn èèyàn síbẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí àgbẹ̀ ń san fún ẹni tó ni ilẹ̀. Abúlé gbilẹ̀ níbẹ̀, abúlé ní baálẹ̀. Lónìí, Àkínyẹlé, Ìdó, Lágelú, Ẹgbẹ́dá, Ọ̀nà-Àrà àti Olúyọ̀lé, níbi tí ilẹ̀ ti kù fún títà, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló jẹ́ pé ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ kọ́ ló ni ilẹ̀. Baálẹ̀ wà ní abúlé, ṣùgbọ́n mọ́gàjí, ìyẹn olórí ẹbí tó ni ilẹ̀, wà nínú agbo ilé rẹ̀ lágbègbè Bẹẹrẹ tàbí Ọjà-Ọba. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ilẹ̀ náà, kódà bí bàbá bàbá rẹ̀ ti ń dáko níbẹ̀.

Ṣé ẹ wá rí ibi tí ajẹ́ǹtì ti ń kó èèyàn sí i? Ó dé abúlé, ó bá àwọn ọmọ baálẹ̀ nísàlẹ̀ igi, wọ́n jọ mu ẹmu, wọ́n fi ilẹ̀ hàn án, wọ́n já owó lé e. Òun kò purọ́, ohun tí wọ́n sọ fún un ló ń sọ. Oníbàárà sanwó, ó gbẹ́ fáńdéṣọ̀n. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ mọ́gàjí dé láti ìgboro pẹ̀lú ìwé ìdájọ́ kóòtù lọ́wọ́.

Òfin nípa títà ilẹ̀ ẹbí kò ṣòro láti rántí, ilé ẹjọ́ sì ti sọ ọ́ láti bí ọgọ́ta ọdún ó lé. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìsí ìmọ̀ àwọn àgbà inú ẹbí, ìtajà náà wà, ṣùgbọ́n àwọn yòókù lè lọ sí kóòtù láti yí i padà. Bí àwọn yòókù bá tà á láìsí olórí ẹbí, kò sí ìtajà kankan níbẹ̀ rárá. Kò sí àtúnṣe tó lè mú òkú yẹn dìde. Nítorí náà, ọwọ́ mọ́gàjí gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, ọwọ́ aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀ka ẹbí, náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ wọn. Olúbàdàn ló ń fi mọ́gàjí jẹ ní Ìbàdàn, ẹ bèèrè ìwé ìfijoyè. Bí mọ́gàjí bá ti kú tí wọn kò tíì fi òmíràn jẹ, tàbí tí èèyàn méjì ń pe ara wọn ní mọ́gàjí, ẹ fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀, kò sí bó ṣe lè pọ́ọ́kú tó. Kí ẹ tún lọ sí agbo ilé náà lọ́jọ́ kan tí ajẹ́ǹtì kò sí lẹ́yìn yín. Ẹ kí àgbà obìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ bèèrè iye ojúlé tó wà nínú ilé àti orúkọ wọn. Bí ó bá ka márùn-ún, tó jẹ́ pé mẹ́ta péré ló fẹ́ fọwọ́ sí ìwé yín, ẹ ti rí ẹjọ́ ọjọ́ iwájú.

Ilé tí bàbá fi sílẹ̀ náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Dáwódù ló ń di olórí lẹ́yìn bàbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ni ín. Bóyá ìdí igi (ìyàwó kọ̀ọ̀kan) ni wọ́n fi pín in tàbí orí-ò-jorí (ọmọ kọ̀ọ̀kan), ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìpín. Ẹ bèèrè ìwé tí kóòtù fi yan àwọn tó ń bójú tó ogún, èyí tí lọ́yà ń pè ní letters of administration, kí gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ sì fọwọ́ sí ìtajà náà. Àbúrò tó wà ní Kánádà kì í ṣe "ẹni tó ti gbà lórí fóònù". Yóò fọwọ́ sí i tàbí kí ó fi ìwé yan ẹni tí yóò bá a fọwọ́ sí i.

Nísinsìnyí, awọnlẹ̀. Ìwé survey tí ajẹ́ǹtì fi hàn yín lè jẹ́ ti ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ẹ gba awọnlẹ̀ tiyín, kí ó wá síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó wá píláà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òpó kékeré tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀, jáde, kí ó fi nọ́ńbà tó wà lórí píláà wé èyí tó wà nínú ìwé, kí ó sì mú òǹkà ibi tí píláà kọ̀ọ̀kan wà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Sẹkitéríàtì. Àwòrán ńlá wà níbẹ̀ tí wọ́n ti sàmì gbogbo ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà sí. Ìgbà tí wọ́n bá gbé òǹkà yín lé àwòrán yẹn ni ẹ máa mọ̀ bóyá ilẹ̀ yín bọ́ sínú rẹ̀. Ìbàdàn kún fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: ti yunifásítì, ti ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, ti pápákọ̀ òfurufú Alákíà, ti Circular Road tó jẹ́ 110 kìlómítà yí ìlú ká. Ojú títì ìjọba àpapọ̀ náà ní ààlà tirẹ̀: láti àárín títì, mítà 45.72 lọ́tùn-ún àti lósì kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni láti kọ́lé sí, "kọ́nà ni, ẹ̀gbẹ́ títì ni" tí ajẹ́ǹtì fi ń polówó kò kà á sí.

Ẹ wo ìwọ̀n pẹ̀lú. Pulọ́ọ̀tì kan ní Ìbàdàn sábà máa ń jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100, ìyẹn mítà 15.24 sí 30.48, mítà onígun mẹ́rin 464.5. Ẹni tó ti Èkó wá lè máa ro 60 sí 120, nígbà tí ajẹ́ǹtì ń ro 50 sí 100. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, ilẹ̀ méjì ni. Èékà kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 43,560. Bí wọ́n bá sọ pé pulọ́ọ̀tì 8 wà nínú rẹ̀, 40,000 ti lọ, 3,560 ló kù. Ọ̀nà tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 30 yóò jẹ ìyẹn tán kó tó gùn dé ẹsẹ̀ 120. A jẹ́ pé ara pulọ́ọ̀tì àwọn tó rà á ni wọn yóò ti gé ọ̀nà jáde.

Omi jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì: èyí tó ń wá tí a kò pè, àti èyí tí a pè tí kò wá. Ìlú tó rí Omíyalé ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún bò ìgboro, tó tún rí ìkún omi ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ra ilé nínú ẹ̀ẹ̀rùn láìbèèrè ọ̀rọ̀ òjò. Oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ni wọ́n fẹ́ràn láti múni lọ wo ilẹ̀ tó wà ní etí odò, ó gbẹ, ó mọ́, ẹ lè fi bàtà funfun rìn níbẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri ilé tó wà nítòsí, àmì omi kì í tètè parẹ́. Ẹ bi ìyá tó ń ta gààrí lẹ́nu títì, nítorí kò sí kọ́mísàn fún un nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá lè ní sùúrù, ẹ padà lọ lẹ́yìn òjò ńlá kan. Ní ti kànga ẹ̀rọ, orí àpáta ni Ìbàdàn wà, omi kì í sí níbi gbogbo tí wọ́n bá gbẹ́. Ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ omi fún wákàtí kan gbáko lójú yín, dípò kí wọ́n ṣí ẹ̀rọ ìta fún ìṣẹ́jú méjì láti inú táńkì tí wọ́n ti pọn kún láàárọ̀.

Fún ilé tó ti wà nílẹ̀, ẹ bèèrè pílánù tí Town Planning fọwọ́ sí, ẹ sì wò ó bóyá àmì X tàbí "STOP WORK" wà lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Ẹ gba nọ́ńbà mítà iná, ẹ wádìí gbèsè tó wà lórí rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ iná IBEDC. Ẹ kí alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò. Òun mọ ẹni tó ni ilé, ó sì mọ ẹni tó jẹ gbèsè owó ọlọ́dẹ. Bí ayálégbé bá wà níbẹ̀, ẹ má gba "wọ́n á kó jáde" gbọ́. Ẹni tó ń san owó ọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù 6, àfi bí àdéhùn wọn bá sọ ohun mìíràn, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìkìlọ̀ ọjọ́ 7 kó tó di kóòtù. Kí owó tí ẹ máa san ro ìyẹn mọ́ ọn.

Gbogbo ìwádìí yìí gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, inú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ajẹ́ǹtì ti ń pe fóònù láàárọ̀ àti lálẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn kan ti ń bọ̀ láti Èkó o, wọ́n ti fẹ́ sanwó." Ó lè jẹ́ òótọ́. Bí ẹ bá bẹ̀rù pé ilé lè bọ́, owó àsansílẹ̀ ni kẹ́ ẹ san, kí ó kéré, kí lọ́yà mú un lọ́wọ́, kí ìwé tí ẹ̀yin àti onílé fọwọ́ sí sì sọ pé bí ìwádìí bá fi àbùkù hàn, owó yóò padà láàárín ọjọ́ 7. Onílé tó bá kọ èyí ti sọ ohun tó ń bẹ níkùn rẹ̀.

Owó gidi kò gbọ́dọ̀ gba àpò ajẹ́ǹtì kọjá. Àkántì tó ń jẹ́ orúkọ tó wà nínú ìwé ilé ni yóò wọ̀, láti bánkì sí bánkì. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, kí ẹbí kọ orúkọ àkántì sínú ìwé, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Kí ẹ tún kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé owó fáńdéṣọ̀n, owó dẹ́kìn, owó òrùlé àti gbogbo owó mìíràn tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń gbà ti wà nínú iye yìí, nítorí ẹni tó ń kọ́lé tí kò kọ ìyẹn yóò san án lẹ́ẹ̀kan sí i nígbàkígbà tí blọ́ọ̀kù bá gòkè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà, tiyín náà ní ìlànà. Ẹ yan ajẹ́ǹtì kan, ẹ fún un ní ọjọ́ 90 nínú ìwé. Kí ìwé náà sọ iye tí ẹ fẹ́, iye tí kọ́mísàn rẹ̀ jẹ́, ẹni tí yóò san án, àti pé kò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kan lé e. Ẹ sọ fún un pé iye yẹn gan-an ni kí ó kọ sínú ìpolówó, kí ẹ sì máa wo ìpolówó náà fúnra yín. Ẹ̀dà ìwé nìkan ni kí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kọ "fún wíwò nìkan" gba àárín ojú ewé kọjá; ìwé gidi kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín títí di ọjọ́ tí ẹ máa jókòó lọ́dọ̀ lọ́yà. Ẹ ra ìwé kékeré kan sílé: kí gbogbo ẹni tó bá wá wo ilé kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́, àti orúkọ ajẹ́ǹtì tó mú un wá. Ìwé kékeré yẹn ni yóò yanjú ìjà ọjọ́ ìsanwó. Ní ti iye owó, ẹ má fi iye tí aládùúgbò ń béèrè ṣe òdiwọ̀n, iye tí wọ́n ta ilé mìíràn gan-an ni kẹ́ ẹ bèèrè.

Ẹni tó lè bá yín sọ ìyẹn pẹ̀lú ìwé ni àwọn tí òfin mọ̀, àwọn estate surveyor tó ń díye lé ilé àti ilẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn, NIESV, ti wà láti 1969, òfin tó dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ jáde ní 1975. Wọ́n ní nọ́ńbà, wọ́n ní ọ́fíìsì, a lè fẹ̀sùn kàn wọ́n níwájú ìgbìmọ̀ wọn. Ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè pe ara rẹ̀ ní ajẹ́ǹtì. Kì í ṣe gbogbo wọn ló burú, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá bàjẹ́, kò sí ibi tí ẹ máa mú ọ̀rọ̀ wọn lọ ju àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Mo gbà pé ó yẹ kí èèyàn san owó fún ìwádìí, kí ó san án fún ẹni tí yóò gbà á yálà ìtajà wáyé tàbí kò wáyé. Lọ́yà àti awọnlẹ̀ tó bá sọ fún yín pé "ẹ má rà á" ti ṣiṣẹ́ tó pé. Ẹ san owó wọn pẹ̀lú ọ̀yàyà.

Lẹ́yìn tí owó bá ti pé, ẹ fọwọ́ sí deed lẹ́dà mélòó kan, kí lọ́yà san owó òǹtẹ̀ ìjọba lórí rẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwé ìfọwọ́sí gómìnà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀, nítorí ẹni tó tà á fún yín lè kú, ọ̀rọ̀ yóò sì di ti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ yí orúkọ padà lórí mítà iná. Ẹ lọ kí alága ẹgbẹ́ onílé gẹ́gẹ́ bí onílé tuntun. Ilẹ̀ tí ẹ kò bá tíì ní fi blọ́ọ̀kù yí ká, ẹ máa lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ ro etí rẹ̀, kí ẹ sì ka píláà. Mẹ́rin ni wọ́n ní ọjọ́ tí ẹ rà á, kí wọ́n ṣì jẹ́ mẹ́rin.